Ìgbálẹ̀ Ni Mo Fi Lé Wọn Lọ

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò yìí, èmi ni mo pe ara mi lẹ́jọ́, èmi ni mo ń jẹ́ ẹ, èmi náà sì ni ẹlẹ́rìí. Ẹ̀sùn ọ̀hún ni pé mo fẹ́ kí àgbàlá mi ní Òkè-Ògùn di ibi tí ẹyẹ ń yà sí, mo náwó sí i, mo làágùn sí i, gbogbo ohun tí mo sì ṣe ló ń lé ẹyẹ sá. N kò ní fi ìtàn bó ṣe ṣẹlẹ̀ dá yín dúró, torí ìtàn ẹni tó ń bomi rin òdòdó tó ti kú kò dùn gbọ́. Ìrònú tó wà nídìí ìwà náà ló yẹ ká tú wò, nítorí orí èmi nìkan kọ́ ló wà. Bí ẹ bá gba ojú ọ̀nà láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, kí ẹ tẹ̀ síwájú sí Ìgbòho àti Kíṣì, ẹ ó rí i níwájú ilé tuntun gbogbo: ilẹ̀ tí wọ́n fi íńtálọ́ọ̀kù tẹ́ pẹrẹsẹ, ògiri búlọ́ọ̀kù yíká, àti igi gogoro méjì mẹ́ta tí ewé wọn rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ egúngún, tí ibòòji wọn kò ju ti òpó iná lọ. Ilé yẹn mọ́, ó gbayì, ẹyẹ kò sì ní iṣẹ́ kankan tí yóò ṣe níbẹ̀. Ohun tí mo wá sọ ni pé níbi tí ooru ti ń mú, tí òjò sì ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún bí oṣù márùn-ún lọ́dún, ìmọ́tótó wa ló ń lé ẹyẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n wá, iṣẹ́ tí yóò jáwọ́ nínú rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí yóò ṣe lọ.

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kanra. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí mo ti ń fi òwe yìí ṣe àwáwí, bí ẹni pé ẹyẹ tó ní odindi ọ̀run kò lè wá nǹkan kan tì. Ojú ọ̀run kọ́ ló wọ́n wọn. Ibi tí wọ́n máa bà lé ló wọ́n, àti omi. Ẹyẹ kì í làágùn, kò ní ihò òógùn lára rárá. Bí ooru bá mú un, ẹnu ló ń yà, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, omi ara rẹ̀ yóò sì máa bá èémí jáde lọ. Ẹ wo adìẹ yín lọ́sàn-án gangan oṣù Kẹta, bó ṣe ń la ẹnu, tó gbé ìyẹ́ kúrò lára bí ẹni tó ká apá agbádá sókè: bí ẹyẹ igbó náà ṣe ń ṣe lórí igi nìyẹn, àfi pé òun kò ní agolo omi lẹ́yìn ilé ìdáná. Ní aginjù Kalahari ní gúúsù Áfíríkà, àwọn onímọ̀ tọpasẹ̀ ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní pied babbler. Wọ́n rí i pé lọ́jọ́ tí ooru bá kọjá nǹkan bí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹyẹ náà ń wá oúnjẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mímí tó ń mí kò jẹ́ kó ráyè jẹun dáadáa, ohun tó sì rí jẹ lójúmọ́ kì í tó dí ìwọ̀n tí ara rẹ̀ pàdánù lóru. Ooru tiwa ń dé ibẹ̀ dáadáa nínú oṣù Kejì àti oṣù Kẹta. Ẹyẹ tó ń jẹ kòkòrò ṣì ń rí omi díẹ̀ nínú ohun tó jẹ. Àdàbà àti ológoṣẹ́ tó ń jẹ hóró gbígbẹ gbọ́dọ̀ mumi ni, bíi ẹni tó jẹ gààrí gbẹrẹfu.

Èmi tí mo mọ gbogbo èyí lórí ìwé, oúnjẹ ni mo gbájú mọ́. Àṣìṣe yẹn ní orírun: ìmọ̀ràn tí mo gbé wọlé, ìlú òtútù ni wọ́n ti kọ ọ́. Ní Ìlú Ọba, àwọn èèyàn ń so hóró àti ọ̀rá mọ́ ẹ̀ka igi nígbà òtútù, ó sì bọ́gbọ́n mu, torí ojúmọ́ ti kúrú, kòkòrò ti fara pamọ́, ẹyẹ sì nílò ọ̀rá tí yóò fi sun òru gígùn mọ́jú. Kí ni ọ̀rá fẹ́ ṣe ní Ṣakí? Yóò yọ́ kí ẹyẹ tó dé. Ní ti hóró, ẹ wo pápá lẹ́yìn ìkórè: koríko ti gbó, ó ti gbọn èso rẹ̀ dà nù, oúnjẹ ológoṣẹ́ wà nílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ìgbà tí ebi hóró ń pa wọ́n gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ òjò, nígbà tí gbogbo hóró tó wà nílẹ̀ bá hù lẹ́ẹ̀kan náà, tí koríko tuntun kò sì tíì so. Bẹ́ẹ̀ ni èmi ń há àgbàdo láàárín ẹ̀ẹ̀rùn. Àgbàdo tí èèyàn bá sì dà sílẹ̀ ní àgbàlá Yorùbá, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, adìẹ ni yóò jẹ ẹ́, ti ilé kọ́kọ́, ti aládùúgbò tẹ̀ lé e. Ewúrẹ́ yóò gbọ́ òórùn rẹ̀, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù di alẹ́, eku ti gbà á. Lóòótọ́ ẹyẹ ni adìẹ náà, ọgbà ẹyẹ ni mo sì dá sílẹ̀, nítorí náà n kò rí ẹnu sọ̀rọ̀.

Omi, nígbà náà. Níbẹ̀ pàápàá, ìfẹ́ ohun tó ń dán ṣì mí lọ́nà. Abọ́ irin jíjìn tó ń kọ mànà ni ẹni bíi tèmi máa ń rò pé ó yẹ àlejò. Irin nínú oòrùn ọ̀sán Òkè-Ògùn, díẹ̀ ló kù kí ẹyin jinná nínú rẹ̀. Etí rẹ̀ ń yọ̀, èékánná ẹyẹ kò rí nǹkan dì mú, ẹyẹ kékeré tó bá sì já sínú omi tó mù ún lè má jáde mọ́. Ohun tó bá wọn mu wà nídìí ògiri ilé ìyá àgbà gbogbo: àpáàdì. Ìdí ìkòkò tó fọ́, tó tẹ́ bí àwo, tí inú rẹ̀ rí gbágungbàgun, tí omi inú rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ. Amọ̀ ń fa omi sára, ó ń tú u sáfẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi àmù fi ń tutù láìsí iná mànàmáná, kò sì sí ilé iṣẹ́ tó lè ṣe abọ́ ẹyẹ tó dára jù ú lọ. Ẹ gbé òkúta kan sí àárín rẹ̀, kó yọrí lókè omi. Ẹ fi sí abẹ́ ibòòji, nítòsí igi tí ẹyẹ lè sá gùn, ṣùgbọ́n kó fi bí ẹsẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́wàá jìnnà sí ibi tí ológbò lè lúgọ sí. Ẹ ò gbọdọ̀ fojú kékeré wo ológbò: ìṣirò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2013 fi hàn pé ológbò ibẹ̀ ń pa ẹyẹ tó bílíọ̀nù 1.3 sí bílíọ̀nù 4 lọ́dún. Nígbà tí ẹ bá ti gbé e kalẹ̀, kí ẹ wá wo bí àdàbà ṣe ń mumi. Adìẹ a bu omi, a gbójú sókè kó lè gbé e mì, bí ẹni tó ń dúpẹ́ lórí ẹnu kọ̀ọ̀kan. Àdàbà a ki ẹnu bọ inú omi, a sì fà á bí ọmọdé tó ń fi igi ewé ìbẹ́pẹ mu omi, kò ní gbórí títí yóò fi yó. Kò sọ pé kò dúpẹ́ o. Ó kàn mọ̀ pé ẹni tó bá pẹ́ lẹ́nu omi ni nǹkan ń gbé.

Ẹnìkan yóò ní omi tó dúró sójú kan, ilé ẹ̀fọn ni. Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni, ìdáhùn rẹ̀ kò sì gùn: láti ìgbà tí ẹ̀fọn bá yé ẹyin dìgbà tí ọmọ rẹ̀ máa fò, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá ni. Àpáàdì tí ẹ bá ń da omi rẹ̀ nù láràárọ̀, tí ẹ ń fi ọwọ́ fọ inú rẹ̀, kò lè tọ́ ẹ̀fọn dàgbà. Èyí tó ń jẹ wá ń jáde láti inú gọ́tà tó dí, táńkì tí kò ní ìdérí, agolo, àti táyà àlòkù, ìyẹn omi tí a kò kà sí omi. Ẹni tó bá ní táyà mẹ́rin lẹ́yìn ilé kò yẹ kó máa bú àpáàdì. Èmi ní márùn-ún.

Àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó wúwo jù lọ́rùn mi ni ti ìgbálẹ̀. A tọ́ wa pé kí á jí, kí á gbálẹ̀, kí ojú ọwọ̀ hàn lórí iyẹ̀pẹ̀ kedere bí ilà ojú. Ewé tó bá já lánàá, kó di òkìtì lónìí, kí á sáná sí i. Kò sí ẹni tó ń bú ẹni tó gbálẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti mọ̀ pé èèyàn ń ṣìṣe. Ewé yẹn ni ọjà ẹyẹ. Abẹ́ rẹ̀ ni ikán, èèrà, ọ̀kùn, ìdin àti aláǹtakùn ń gbé, abẹ́ rẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ ti ń ní ìtutù díẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá ti fa gbogbo nǹkan gbẹ. Ẹyẹ tí ẹ bá rí tó ń fi ẹnu tú ewé gbígbẹ sọ́tùn-ún sósì, ìyá ọjà ló ń ná nǹkan. Àwa tí a gbà pé hóró ni gbogbo ẹyẹ ń jẹ kò sì wo ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ. Ẹ̀gà tó jẹ́ pé hóró lẹ́nu rẹ̀ dá lé, kòkòrò ló ń gbé lọ fún ọmọ rẹ̀ nínú ìtẹ́, torí ọmọ tó ń dàgbà kò lè fi hóró gbígbẹ ṣe ẹran ara. Ẹyẹ kékeré kan wà ní Amẹ́ríkà, Carolina chickadee, tó ń kó ìdin labalábá tó 6,000 sí 9,000 kó tó tọ́ ọmọ ìtẹ́ kan ṣoṣo jáde. Douglas Tallamy, onímọ̀ kòkòrò ní Yunifásítì Delaware, ló máa ń fi iye yẹn kìlọ̀ fáwọn èèyàn. Ní 2018, òun, Desirée Narango àti Peter Marra tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe nínú àgbàlá àwọn ará ìlú ní agbègbè Washington, D.C. Níbi tí igi àjèjì bá ti kọjá ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ọmọ tí ẹyẹ yìí ń tọ́ là kì í tó rọ́pò àwọn tó ń kú. Washington kọ́ ni Ṣakí, n kò sì sọ pé iye kan náà ni yóò jẹ́ níbí. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni mo mú: kòkòrò ilẹ̀ kan ti mọ ewé ilẹ̀ náà láti ayébáyé, ewé tó ti òkèèrè wá dà bí ọbẹ̀ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Kí ẹ̀bi mi lè pé, lẹ́yìn tí mo bá gbálẹ̀ tán, mo tún ń fi òtapiápiá wọ́n igun ilé, mo ń fi kẹ́míkà pa koríko ìdí fẹ́ǹsì. Mo ti ọjà pa, mo wá jókòó, mò ń retí oníbàárà.

Ejò ńkọ́? Ìbéèrè tí ìyá àgbà máa kọ́kọ́ bi nìyẹn, ó sì lẹ́tọ̀ọ́. Èmi náà kò fẹ́ pàdé ọká lọ́nà ilé ìyàgbẹ́. N kò sọ pé kí ewé ga dé fèrèsé. Ẹ gbá ẹnu ọ̀nà, ẹ gbá ibi tí ọmọdé ń gbà kọjá, ẹ gbá ìdí ògiri, kí ẹ sì fi igun kan ṣoṣo sílẹ̀ lábẹ́ igi tó jìnnà sílé jù. Ohun tí ejò ń wá ni eku àti ọ̀pọ̀lọ́, ohun tí eku sì ń wá ni àpò ìdọ̀tí tí a kò dì lẹ́nu àti àgbàdo tí ọlọ́gbọ́n kan dà sílẹ̀ fún ẹyẹ. Ìyẹn ni pé oúnjẹ tí mo fi ń pe ẹyẹ gan-an ló ń pe ejò, ewé tí mo sì ń dá lẹ́bi, tí mo ń sun níná, kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Ẹlúùlú tó fẹ́ràn irú igun bẹ́ẹ̀ ń jẹ tata, ìgbín àti alángbá, a sì máa pa ejò kéékèèké jẹ. Wọ́n ní òjò tí ẹlúùlú bá pè, orí ara rẹ̀ ni yóò rọ̀ lé. Bí ọ̀rọ̀ èmi àti àgbàdo ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ìwà mi sí igi kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí ojú ilẹ̀ bá gbẹ tó sì burú ni ọkàn ẹni máa ń fà sí ọgbà, nítorí náà inú ọyẹ́ ni irú wa ń gbin igi, a ó sì máa bu omi díẹ̀díẹ̀ lé e lórí lójoojúmọ́ bí ẹni ń wọ́n iyọ̀. Omi ojú ilẹ̀ ń kọ́ gbòǹgbò ní ọ̀lẹ: òkè ni yóò dúró sí, oòrùn yóò sì bá a níbẹ̀. Ẹ gbìn ín nínú oṣù Karùn-ún tàbí Kẹfà nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, kó ní oṣù mẹ́rin márùn-ún láti rìn wọlẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sàn ju ìwọ́nwọ́n ojoojúmọ́ lọ, omi tí a fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ sì tó bẹ́ẹ̀. Ní ti irú igi, dóńgóyárò ni gbogbo wa ń sá tọ̀. Ibòòji rẹ̀ dára, àmọ́ ará Íńdíà ni, ìkorò rẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ fi ń lé kòkòrò kò sì jẹ́ kí ìdin pọ̀ lórí rẹ̀. Bí ó bá ti wà, ẹ má gé e, torí ẹyẹ kan ń jẹ èso rẹ̀. Ẹ ṣáà má pè é ní gbogbo ọgbà. Òdán tí àwọn baba wa ń gbìn sójú ọjà àti ẹnu ọ̀nà ààfin ló mọ iṣẹ́ yìí jù. Ẹ̀ka rẹ̀ tó tó apá géndé, bí a bá rì í mọ́lẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ òjò, yóò hù. Irú igi báyìí kì í sì dúró de ara wọn kí wọ́n tó so, ìdí nìyẹn tí ẹyẹ fi ń rí èso òdán tàbí ọ̀pọ̀tọ́ kan jẹ nígbà tí igi yòókù ti di igi ìdáná. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ògiri àti ṣàlàńgá, gbòǹgbò rẹ̀ kò mọ ààlà. Akòko àti pẹ̀rẹ̀gún, bí a bá tò wọ́n, fẹ́ǹsì ni wọ́n, owó búlọ́ọ̀kù yóò sì wà nílẹ̀. Mo gbà pé òdòdó àjèjì kan náà wúlò: ẹyẹ kékeré tó ń dán bí páànù tuntun, tí ẹnu rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì tẹ̀ kọdọrọ, ń mu oyin ixora láìbéèrè ibi tí wọ́n bí i sí. Ohun tí n kò lè dárí rẹ̀ ji ara mi ni pé kátàpílà ló máa ń kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ wa kí a tó ra ixora ọ̀hún. Igi emi tí kátàpílà wó, àárín ẹ̀ẹ̀rùn ló ń tanná, èyí tí a bá gbìn dípò rẹ̀ sì lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó so. Irúgbá náà ń tanná nínú ẹ̀ẹ̀rùn, òdòdó rẹ̀ pupa róbótó bí bọ́ọ̀lù. Ọgbà ẹyẹ wà lórí ilẹ̀ náà kí n tó sanwó rẹ̀. Mo sanwó kí wọ́n wó o.

Àwọn tó ń ro oko yóò dìde nísinsìnyí pé ẹ̀gà ni mò ń gbèjà. Olè ni ẹ̀gà, n kò ní ṣe agbẹjọ́rò rẹ̀ níwájú ẹni tó gbin bàbà. Yóò fa imọ̀ àgbọn ya fọ́nrán fọ́nrán títí yóò fi ku igi àárín rẹ̀ nìkan, ariwo rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ẹ sùn lọ́sàn-án. Ẹni tó bá fẹ́ràn àgbọn rẹ̀, kó má gbìn ín sítòsí omi yìí. Ṣùgbọ́n àpáàdì kan kò lè dá agbo ẹ̀gà sílẹ̀ níbi tí kò sí. Ẹ̀rù òwìwí le ju ti ẹ̀gà lọ. Ẹni tó bá ń kó ẹyẹ jọ sí àgbàlá rẹ̀ ní ìlú wa yóò jẹ́jọ́ tí kò sí ní kóòtù, pàápàá bí ohun kan bá ké lórí igi rẹ̀ lóru. N kò fẹ́ bá ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jà. Ohun tó hàn sójú ni mo ń tọ́ka sí: òwìwí a gbé eku mì lódindi, a sì pọ irun àti egungun rẹ̀ jáde ní kókó kan. Ẹ fọ́ ọ̀kan lábẹ́ igi, agbárí eku ni ẹ ó bá níbẹ̀, kì í ṣe ti ọmọ ẹnikẹ́ni. Èyí tó kù ni ìtìjú, pé wọ́n á pe ilé náà ní ilé ọ̀lẹ. Ọgbọ́n kan wà fún un: ẹ to òkúta yí igun ewé náà ká. Pàǹtí tí òkúta yí ká, àwọn èèyàn á gbà pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ohun tó sì ń mú kí ìgbálẹ̀ inú ẹ̀ẹ̀rùn burú ju ti ìgbà òjò lọ ni pé àsìkò náà gan-an ni àlejò ń dé. Ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní willow warbler, tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju nǹkan bí gíráàmù 10 lọ, ń ti Yúróòpù gba orí Sàhárà kọjá, yóò wà lọ́dọ̀ wa láti nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kẹrin, láìgba físà. Kòkòrò ló ń jẹ. Ní agbègbè Jos, àwọn onímọ̀ tó ń bá ibùdó ìwádìí ẹyẹ APLORI ṣiṣẹ́ fi òrùka aláwọ̀ sí ẹsẹ̀ ẹyẹ àlejò mìíràn, whinchat. Ọ̀pọ̀ àwọn tó padà láti Yúróòpù lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló padà sí ojú ibi kan náà tí wọ́n ti jẹ ẹ̀ẹ̀rùn èṣín. Irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kì í wá ilé. Ilé tó ti mọ̀ ló ń bọ̀ wá bá. Tí a bá ti gbá a, tí a sun ún, tí a da íńtálọ́ọ̀kù lé e, kò sí ẹni tó máa fi ìwé ránṣẹ́ sí i. Ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n gbé kànnàkànnà jù sílẹ̀ fún kannakánná. Àmì ohùn nìkan ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ọ̀kan sì ń pa èkejì.

Ọyẹ́ máa ń yọjú ní Òkè-Ògùn láti oṣù Kọkànlá. Ẹni tó bá ní àpáàdì, kó gbé e síta kó tó dìgbà náà, kó bu omi ìka méjì sí i, kó dà á nù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó bu òmíràn. Ẹni tó bá sì ń wá táyà àlòkù, márùn-ún wà lẹ́yìn ilé mi. Mo bẹ̀ yín, ẹ wá gbé wọn.